Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ẹsẹ̀ Lójú Ọ̀nà Pupa

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó dúró jókòó, kí ẹni tó jókòó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹni tó ń jẹun má ṣe jẹ́ kí òkèlè dí òun létí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní ọba nínú, kò sì ní ẹranko tó ń fọhùn. Bàtà ló wà nínú rẹ̀, àti ọ̀nà kan tí kò gùn ju kí a pe èèyàn kó jẹ́ni lọ, àti àgbàlagbà kan tó fi ọ̀wọ̀ ba nǹkan jẹ́. Ẹ ti ń gbọ́ nípa àwọn tó fi àrífín ba nǹkan jẹ́. Ti ẹni tó fi ọ̀wọ̀ bà á jẹ́ ni mo rò pé ẹ ò tíì gbọ́. Ẹ fara balẹ̀. Mo ṣèlérí pé ẹ ò ní sunkún délé.

Ọkùnrin aránbàtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Lẹ́ẹ̀kan-sí-i. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá a débẹ̀. Ohun tó fa orúkọ yìí ni pé bàtà kì í bàjẹ́ kọjá ọwọ́ rẹ̀. O lè gbé èyí tí ajá ti jẹ ìdajì rẹ̀ wá, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ikùn aláìsàn wò, á wá ní, "Ó ṣì máa rìn lẹ́ẹ̀kan sí i." Bàtà náà á sì rìn.

Ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ yàrá pákó tó gba èèyàn kan àti àbọ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wà, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn àwọn ilé kọjá lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdókọ̀. Nígbà kan rí, ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa gba bàtà mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bíríkì tó wà nítòsí kógbá wọlé, àwọn ará àdúgbò fi bárò kó àwọn bíríkì tó ti fọ́, wọ́n dà á sójú ọ̀nà, wọ́n fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Ọ̀nà Pupa. Bí o bá wá gbogbo ìlú káàkiri, o ò ní rí ìkejì rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní ìwà kan tí ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe da gìgísẹ̀ bàtà tó bá yọ nù títí ọdún kan á fi kọjá. Ó ní oníbàtà a máa gbàgbé. Ẹni tó ti fi gìgísẹ̀ kan rìn títí tó fi tán á padà wá sọ pé o jí tòun tó dáa, o fi èyí tí kò dáa rọ́pò. Ká fa èyí tó gbó jáde, ká gbé e síwájú rẹ̀, ẹnu á pa dé. Nítorí náà, gìgísẹ̀ tí Lẹ́ẹ̀kan-sí-i bá yọ, á fi ìṣó gbígbóná lu ú, á fi ọ̀dà funfun kọ ọjọ́ àti àmì olówó rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì so ó mọ́ wáyà. Oṣù kan, wáyà kan. Méjìlá ló rọ̀ sára ògiri, bí ẹja tí wọ́n ń sá. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tó bá wọlé á rò pé ọkùnrin náà ń pa bàtà jẹ ni.

Ìyàwó náà ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Alágbàfọ̀ ni nígbà tí ara ṣì le. Lọ́dún méjì ṣáájú, ó ń kọjá títì ńlá, títì tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn wọn ń jóná, ni alùpùpù kan bá gbá a. Ó rù ú là. Orúnkún òsì rẹ̀ nìkan ni kò padà bọ̀ sípò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè nà án, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Bó bá gba Ọ̀nà Pupa, irinwó ìṣísẹ̀ ni, kò sì sí mọ́tò kan lójú ọ̀nà. Bó bá gba ibòmíràn, àfi títì. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bó bá pa á tì, orúnkún náà á gan, á sì gan títí láé.

Wàyí o, káńsù fẹ́ tún ìlú ṣe. Ètò tó dáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ìlú jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ọmọ wa á lè gbé, tí ooru kò ní lé wọn jáde, tí omíyalé kò sì ní bá wọn lórí ibùsùn. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i. Èyí tí ẹsẹ̀ kò bá sí, wọ́n á ti í pa, wọ́n á gbin igi síbẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ kòtò tí òjò á máa sàn sí. Ẹnì kan á wá ka ẹsẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà kéékèèké, ọjọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò sọ tó báyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ káńsù kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láti yẹ Ọ̀nà Pupa wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pé kí àwọn ará àdúgbò jọ̀ọ́ ràn án lọ́wọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ dáadáa. Ó parí síbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan-sí-i ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó àwọn aládùúgbò jọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbá ọ̀nà náà kó mọ́ féfé lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àti pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má kan ibẹ̀, kí kálukú yí gba títì. Ṣé bí èèyàn bá ń nu ilé, ó yẹ kí a máa gba iwájú rẹ̀ kọjá ni?

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló béèrè ìbéèrè. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ìwé náà ní ká kúrò lọ́nà ni?"

"Wọn ò ní sọ ìyẹn jáde," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi."

Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí a ń sọ odindi ọ̀rọ̀ fún?

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, Ọ̀nà Pupa mọ́ débi pé o lè gbé ọmọ jòjòló sórí rẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ káńsù dé, ó ṣí àga alágbèéká rẹ̀, ó jókòó, ó di nǹkan kékeré kan mọ́wọ́ tó máa ń dún kẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Òun ni a ó máa pè ní Olùkà nínú ìtàn yìí. Olùkà jókòó títí, kò sí kẹ́. Wọ́n gbé tíì wá fún un, ẹni tó gbé e wá sì gba inú koríko kó má baà tẹ ọ̀nà. Ìyá àwọn ọmọ kò lọ na orúnkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò lè kọjá títì, ọkọ rẹ̀ sì ní kó má tẹ Ọ̀nà Pupa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ràn. Oníbúrẹ́dì ni, ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun, ó sì ní búrẹ́dì kì í dúró de àlejò. Ó ru pákó búrẹ́dì lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Yàtọ̀ sí i, àfi àwọn àjèjì díẹ̀ tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Olùkà ń rìn káàkiri kí ara rẹ̀ lè nà, ni gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ bá yẹ̀. Ó tiro dé ìsọ̀. Lẹ́ẹ̀kan-sí-i fún un ní tuntun, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àlejò ni. Olùkà dúpẹ́, ó ní òun kò rí ọ̀nà tó mọ́ tó báyìí rí. Inú àgbàlagbà náà dùn débi pé, nígbà tó ń so gìgísẹ̀ náà mọ́ wáyà oṣù yẹn, ó fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé: ÀLEJÒ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníbúrẹ́dì wọ ìsọ̀ wá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní káńsù ti lẹ àwòrán ìlú tuntun mọ́ ojú fèrèsé wọn, pé wọ́n kun Ọ̀nà Pupa ní àwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ó ní nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye èèyàn tó gbabẹ̀ kọjá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Mélòó?" ni Lẹ́ẹ̀kan-sí-i béèrè, pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

"Mọ́kànlá. Mẹ́rin nínú rẹ̀, èmi ni." Oníbúrẹ́dì fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè dun olúwarẹ̀ dáadáa. "Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní olórí kunkun yìí nìkan ni ìdámẹ́ta àdúgbò yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣó jábọ́ lẹ́nu àgbàlagbà. Ojú ẹsẹ̀ ló ti yé e. Ẹsẹ̀ ni obìnrin yẹn wá kà, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ lé gbogbo ẹsẹ̀ lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú rẹ̀, ó di odindi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi tí kò bá àbọ̀ tí wọ́n sọ tan rárá.

Kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ nílé. Nígbà tó sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì burú. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ pa orí ológbò. Ó ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé òun á kọ́ bí a ṣe ń kọjá títì. Ní ọjọ́ kejì ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó gba ìhà títì lọ. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lókèèrè, ó fara pamọ́ bí ọlọ́pàá inú. Ó rí i tó dúró létí títì. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó fà á padà. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, mọ́tò kan fọn fèrè, ó tún fà á padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ìdajì wákàtí. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń wo àwọn mọ́tò bí ẹni tó ń wo odò tó kún. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó padà sílé.

Àgbàlagbà náà kò sọ fún un pé òun rí i. Ó padà sí ìsọ̀, ó jókòó, kò lè lu ìṣó kan. Oníbàtà ń bọ̀, oníbàtà ń lọ, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí orí ń fọ́. Bàtà obìnrin olùkọ́ kan ló wà lórí itan rẹ̀. Ó fa gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ, ó na ọwọ́ sí wáyà oṣù tó wà lóde láti so ó mọ́ ọn, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ara rọ́bà gìgísẹ̀ náà. Èérún pupa. Wẹ́wẹ́wẹ́, ó ti wọ inú rọ́bà lọ bí hóró ata. Ó wo èyí tó wà lókè rẹ̀: pupa. Èyí tó tún wà lókè ìyẹn: pupa. Ó já gbogbo wáyà méjèèjìlá sílẹ̀, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Irinwó ó dín méjìlá ni gbogbo gìgísẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlélógójì ló ní bíríkì Ọ̀nà Pupa nínú, pẹ̀lú ọjọ́ àti àmì olówó wọn lára.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ó ṣì máa rìn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Káńsù ti dá ọjọ́ kan tí àwọn ará ìlú lè wá sọ èrò wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán náà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Lẹ́ẹ̀kan-sí-i àti Oníbúrẹ́dì kó wáyà méjèèjìlá kọ́ sórí igi gbálẹ̀ gígùn kan, ọ̀kan mú orí, èkejì mú ìdí, wọ́n gbé e lé èjìká bí ọdẹ méjì tó pa ẹtu. Àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó dúró sílé, torí àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Gìgísẹ̀ ń lu ara wọn pọ́pọ́pọ́ títí wọ́n fi dé.

Gbọ̀ngàn káńsù kún. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Lórí tábìlì gígùn ni àwòrán ìlú wà. Ọ̀gá Ètò, ọkùnrin onígíláàsì nípọn tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ya àwòrán náà, jókòó nídìí rẹ̀, Olùkà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ọ̀nà Pupa, Ọ̀gá Ètò ka ohun tó wà nínú ìwé: mọ́kànlá. Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àdúgbò yẹn gbóná ju gbogbo àdúgbò yòókù lọ, igi tó kù níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá, ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń gbà á ló sì yẹ kí a fi ṣe ibòòji.

Lẹ́ẹ̀kan-sí-i dìde. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, ó tún ká a padà.

"Ọ̀gá, mo kí yín. Mọ́kànlá tí ọmọ yín kà, òótọ́ ni. Kò purọ́. Èmi ni mo lé àwọn tó kù lọ. Ẹ ní ká ràn án lọ́wọ́, mo sì rò pé ẹni tó fẹ́ yẹ ọ̀nà wò, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lójú. Mo ní kí gbogbo èèyàn yí gba títì. Ìyàwó mi kò lè kọjá títì, ó sì jókòó sílé. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, èmi nìyí, ẹ má fi ọ̀nà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Àgbàlagbà náà wá gbé wáyà kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ó ṣàlàyé bíríkì, ó ṣàlàyé ọ̀dà funfun. Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn, wọ́n ń dá gìgísẹ̀ tiwọn mọ̀ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ọ̀gá Ètò fi ọ̀bẹ kékeré họ ọ̀kan. Èérún pupa dà sórí àwọ̀ ewé tí wọ́n kùn sí Ọ̀nà Pupa. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Ó ní òun rí i pé pupa ni, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àbí lójoojúmọ́? Aago ìṣẹ́jú mẹ́ta sì ti dún.

Ẹ ò rí i bí ojú àgbàlagbà náà ṣe rí. Ìbéèrè tó dáa ni.

Olùkà ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ti ń fi ìka tọ wáyà oṣù tó wá, ó sì ti rí ohun tó ń wá. Ó fa gìgísẹ̀ kan síta, ó gbé e sí abẹ́ imú ọ̀gá rẹ̀. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ ÀLEJÒ sí.

"Tèmi nìyí, sà. Ọjọ́ kan péré ni mo fi rìn níbẹ̀." Ó tọ́ka sí èérún bíi márùn-ún tó wà lójú rọ́bà náà, tí wọn ò tíì wọlé dáadáa. Ó wá gbé ti obìnrin olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí bíríkì ti wọ̀ débi pé o ò mọ èwo ni rọ́bà, èwo ni bíríkì mọ́. "Bí ọjọ́ kan bá ṣe èyí, kí ni ẹ rò pé ó ṣe ìyẹn?"

Ọ̀gá Ètò wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ojú rẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ẹjọ́ yín kọ́ nìkan. Àwa la kọ àbọ̀ ìwé."

"Àbọ̀ náà ni mo gbọ́," ni Lẹ́ẹ̀kan-sí-i fèsì, "mo sì sọ ọ́ di odindi fún yín láìgba àṣẹ." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n pinnu pé wọn ò tíì ní fọwọ́ sí àwòrán náà. Wọ́n á tún un kà, lọ́jọ́ tí wọn ò ní dá fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Oníbúrẹ́dì ní ìmọ̀ràn kan. Ó ní bí wọ́n bá ti rí Olùkà, kí wọ́n fi fèrè pe gbogbo àdúgbò jáde, kí kálukú lọ kó bọ̀ nígbà mẹ́wàá, kí káńsù mọ̀ pé ọ̀nà náà lágbára. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn kan tiẹ̀ ti ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa pín ara wọn.

"Rárá o," ni Lẹ́ẹ̀kan-sí-i wí. "A ti fi ọ̀wọ̀ ba àkọ́kọ́ jẹ́. Bí a bá tún fi ọgbọ́nkọ́gbọ́n ba èkejì jẹ́, kò sẹ́ni tó máa ka ẹ̀kẹta fún wa. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà sọ tẹnu rẹ̀."

Oníbúrẹ́dì ní kò burú, pé bí ọ̀nà bá yadi, kí wọ́n má pe òun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni òjò. Ọjọ́ Ajé kan ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, kì í ṣe òjò ńlá, òjò wínníwínní tó máa ń sọ ọ̀lẹ di ọlọ́gbọ́n ni. Lẹ́ẹ̀kan-sí-i ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó sì rí Olùkà lábẹ́ agbòjò lápá ibi igi kan tó wà níbẹ̀, lórí àga alágbèéká rẹ̀, kò wọ aṣọ káńsù. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá! Ta ló ń jáde nínú òjò?

Ó fẹ́ kígbe, kò gbọdọ̀ kígbe. Ó mú òwú, ó fi eyín já a, kò rán nǹkan kan, ó tún já òmíràn. Ọ̀nà dákẹ́. Kẹ́ kan dún: Oníbúrẹ́dì ni, pẹ̀lú rọ́bà lórí pákó rẹ̀. Ó rí Olùkà, ó wo ìsọ̀, ó ṣẹ́jú, ó kọjá lọ. Ó dákẹ́ tún. Àgbàlagbà náà rántí pé Ọjọ́ Ajé ni orúnkún ìyàwó òun ń gba ìtọ́jú, àti pé kí òun tó kúrò nílé, ìyá àwọn ọmọ ti ń wo òjò láti ojú fèrèsé, ó ní bóyá òun á jókòó lónìí, pé ilẹ̀ á máa yọ̀. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sílé, ìyàwó rẹ̀ á jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹnu rẹ̀ ń yún un. Ó gbé ìṣó mẹ́rin sí i kí ẹnu náà lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ó ń wo ilẹ̀ ni nígbà tó gbọ́ ọ. Kẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́, kẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta lábẹ́ ọ̀rá kan. Nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kẹ́kẹ́kẹ́, àwọn tó fẹ́ bá ọkọ̀ tó ń lọ ní gbogbo ìdajì wákàtí. Agbòjò dúdú, agbòjò aláwọ̀ àràbarà, ọkùnrin tó fi àpótí bo orí, obìnrin tó fi ọmọ sẹ́yìn tó sì fi aṣọ ìnura bo ọmọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń kà wọ́n. Wọ́n kàn ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ, torí bíríkì kì í yọ̀, òjò ni ọjọ́ tí Ọ̀nà Pupa wúlò jù. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ìdí tí wọ́n fi da bíríkì síbẹ̀ nígbà náà kọ́ nìyẹn bí?

Láàárín wọn ló ti rí ọ̀pá kan tó ń bọ̀, ìró rẹ̀ ń dún kó, kó, kó. Ìyá àwọn ọmọ ni, ó fi ọ̀rá bo orí, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò mọ ẹni tó jókòó lábẹ́ igi. Nígbà tó dé iwájú ìsọ̀, ó dúró mí.

"O ò ní o ò jáde mọ́ ni?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Orúnkún kò mọ òjò," ló fèsì. "Kí ló dé tí o ń jẹ ìṣó?"

Ó kọjá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ kan dún, kẹ́ kan ṣoṣo, ọkùnrin náà sì sọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìgbà náà pé nínú gbogbo ohun tí òun ti gbọ́ láyé, kò sí èyí tó dùn tó o.

Ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàdínlógún ni Olùkà kà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún un, Lẹ́ẹ̀kan-sí-i kò fò, kò kígbe. Ó tu ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ bàtà tó há lẹ́yìn ìrìn ọdún kan.

Káńsù pe wọ́n padà, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n gbé àga yí tábìlì ká, wọ́n fún wọn ní pẹ́ńsù. Nítorí òótọ́ ni pé àdúgbò náà gbóná, igi sì yẹ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ní àyè wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì òun, pé wọ́n lè gbẹ́ kòtò òjò síbẹ̀, torí omi kúkú ti ń wọ ìyẹ̀fun òun láìgba àṣẹ. Obìnrin olùkọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà igi sí apá kan ọ̀nà, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Ọ̀gá Ètò ní àwọn á fi iná sí i, àwọn á sì tẹ́ ẹ pẹ̀lú kọnkéré. Gbogbo tábìlì pariwo pé rárá, bíríkì ni wọ́n fẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: bíríkì.

Wọ́n bi ìyá àwọn ọmọ ohun tó fẹ́. Ó ní kò pọ̀, bẹ́ǹṣì kan láàárín méjì, ní igba ìṣísẹ̀. Ó ti kà á.

Ìwé ìkéde tí káńsù lẹ̀ lẹ́yìn náà gùn tó ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n kọ ohun gbogbo síbẹ̀, títí kan pé ẹni tó bá rí òṣìṣẹ́ káńsù lójú ọ̀nà, kó jọ̀wọ́ máa rìn lọ bó ṣe máa ń rìn. Lẹ́ẹ̀kan-sí-i ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó ti gùn jù.

Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀. Igi ti ń so ibòòji díẹ̀ sí i. Orúnkún náà kò tíì dà bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n kò gan. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni Olùkà jókòó sí lọ́jọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń dúró de bàtà rẹ̀ lọ́dọ̀ aránbàtà. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí bàtà fi jinná, Olùkà sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbọ́n mi sì wá sọ ọ́ fún mi bó ti gbọ́ ọ. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má sọ àbọ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.